Aládìrẹ àti Aláró: Ìtàn Iṣẹ́ Tí A Gbé Fún Ẹlòmíràn Ṣe

Ìtàn ni a fẹ́ sọ lónìí. Kì í ṣe ìtàn ogun, kì í sì í ṣe ìtàn ìdílé ọba. Ìtàn òwò ni, òwò àwọn obìnrin.

Ẹ wo ìyá tó ń ṣe gàrí tà. Ó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ bó gbáàgúdá, ó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan án. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá di lílọ̀, ọ̀dọ̀ ẹlẹ́rọ ni yóò gbé e lọ. Ẹlẹ́rọ á bá a lọ̀ ọ́, á gba owó iṣẹ́. Gàrí kò di ti ẹlẹ́rọ nítorí èyí. Bí gàrí bá dára, ìyá la ó yìn. Bí iyanrìn bá wà nínú rẹ̀, ìyá náà la ó bú. Kò sí oníbàárà tí yóò béèrè pé, "Ta ni ó bá ọ lọ̀ ọ́?"

Ọ̀rọ̀ yìí dà bí ọ̀rọ̀ kékeré. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an ló dá ìjà sílẹ̀ ní ìlú Abẹ́òkúta láàrin ọdún 1920 sí ọdún 1936. Ìjà náà le títí ó fi dé ààfin, títí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ní láti gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ láti gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń jà sí ni èyí: bí mo bá gbé iṣẹ́ mi fún ọ ṣe, tí iṣẹ́ náà sì bàjẹ́, ta ni yóò ru àdánù?

Abẹ́òkúta kò jìnnà sí wa. Ẹni tó bá ti Kétu gba Ìmẹ̀kọ, tó sì tẹ̀síwájú sí ìhà gúúsù àti ìlà-oòrùn, yóò dé ibẹ̀. Ní ọdún 1889 ni ìjọba Faransé àti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìwé tó la ilẹ̀ wa sí méjì. Ìwé lè la ilẹ̀, kò lè la igbó. Ewé èlú tó ń hù ní igbó Kétu náà ló ń hù ní igbó Ẹ̀gbá, aró tí àwọn ìyá wa ń po níhìn-ín náà ni wọ́n ń po lọ́hùn-ún.

Àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀ Abẹ́òkúta dó ní ọdún 1830, nígbà tí ogun lé wọn kúrò ní ìlú wọn, tí wọ́n sì fi ẹ̀yìn ti òkúta Olúmọ. Láyé ìgbà náà, aṣọ tí wọ́n fi ọwọ́ hun, bíi kíjìpá, ni wọ́n ń rẹ sínú aró. Aṣọ tó bá ti ṣá, wọ́n á tún un rẹ kó lè padà mọ́ ojú. Lẹ́yìn náà ni aṣọ funfun láti ilẹ̀ Òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, èyí tó fẹ́lẹ́, tí a fi ń rán ẹ̀wù. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ti Manchester wá, ìlú kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ hun aṣọ. Nígbà tí ojú irin tó ti Èkó wá gba Abẹ́òkúta kọjá, tó sì dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, aṣọ náà pọ̀ sí i lọ́jà, owó rẹ̀ kò sì ga.

Àwọn obìnrin Ẹ̀gbá wo aṣọ funfun yìí, wọ́n ní a lè ṣe é ní ọ̀nà tiwa. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dì í, wọ́n sì ń rẹ ẹ́. Àdìrẹ dé nìyẹn. Orúkọ náà ti sọ ohun tó jẹ́: a dì í, a sì rẹ ẹ́. Àwọn ará Abẹ́òkúta máa ń sọ pé agbo ilé kan ní Kémta ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀, agbo ilé obìnrin tó jẹ ìyálóde Ẹ̀gbá lẹ́yìn Ẹfúnróyè Tinúubú. Tinúubú kú ní ọdún 1887.

Ẹ jẹ́ kí á tú iṣẹ́ náà sílẹ̀, kí á rí ẹni tó ń ṣe èwo.

Ẹni àkọ́kọ́ ni aládìrẹ. Òun ló ni aṣọ. Ó ra aṣọ funfun, ó wọn ọ̀pá márùn-ún, ó gé e sí méjì, ó rán méjèèjì pọ̀ kó di ìró kan. Lẹ́yìn èyí ni ó kan dídì. Bí ó bá jẹ́ àdìrẹ oníko, wọ́n á fi òkúta kéékèèké tàbí èso sínú aṣọ, wọ́n á fi ìko dì í gírígírí. Bí ó bá jẹ́ àdìrẹ alábẹ́rẹ́, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán an pọ̀. Bí ó bá jẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ, wọ́n á po ẹ̀kọ láfún pẹ̀lú álọ́ọ̀mù, wọ́n á fi ìyẹ́ adìyẹ ya ọnà sí ara aṣọ. Ibi tí ìko bá dì tàbí tí ẹ̀kọ bá bò, aró kò ní wọ ibẹ̀. Àwọn ọnà náà ní orúkọ. Ọ̀kan ń jẹ́ Olókun, ọ̀kan ń jẹ́ Ìbàdàn Dùn.

Dídì yìí gan-an, aládìrẹ kì í dá a ṣe. Ó ń pín in fún àwọn ọmọ rẹ̀, àwọn ìyàwó ilé, àwọn ọmọ tó wá kọ́ṣẹ́, àti àwọn ìwọ̀fà, ìyẹn àwọn tó ń sìn nítorí gbèsè. Nígbà tí ẹ̀rọ ìránṣọ dé, àwọn ọkùnrin télọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ rán àdìrẹ alábẹ́rẹ́. Àwọn ọkùnrin mìíràn ń gé páànù pẹlẹbẹ sí ọnà, wọ́n ń gbé e lé aṣọ kí a lè fi ẹ̀kọ kùn ún. Ìyẹn yá ju ìyẹ́ adìyẹ lọ. Nítorí náà, aṣọ kan ṣoṣo lè ti gba ọwọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kọjá kó tó rí aró sójú.

Aró wá ńkọ́? Ọ̀dọ̀ aláró ló wà. Àwọn ìyá tó mọ iṣẹ́ yìí kò nílò àlàyé wa, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa tó ń ka ìwé yìí lè má tíì rí i rí.

Aláró á já ewé èlú tútù, á gún un nínú odó, á ṣù ú ní róbótó róbótó, á sá a sínú oòrùn. Ṣùṣù gbígbẹ yìí wà lọ́jà fún títà. Lẹ́yìn náà, á wá eérú. Á sun igi, á sun èèpo kòkó. Á da eérú sínú ìkòkò tí ìdí rẹ̀ lu, á gbé e lé orí ìkòkò mìíràn, á sì bu omi sí i. Omi tó ń kán sílẹ̀ yẹn le lára, ó ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ọṣẹ. Inú rẹ̀ ni yóò kó ṣùṣù èlú sí. Ó tún kù kó dúró. Ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ márùn-ún, ó lè tó ọjọ́ méje kí aró tó pọ́n. Ojoojúmọ́ ni yóò máa wò ó, tí yóò máa rò ó, tí yóò máa gbọ́ òórùn rẹ̀. Bí eérú bá pọ̀ jù tàbí bí kò bá tó, aró náà kú nìyẹn.

Nígbà tí a bá ri aṣọ bọ inú rẹ̀ tí a fà á yọ, àwọ̀ ewé ni yóò kọ́kọ́ ní. Bí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́ sí i ni yóò máa di àwọ̀ aró níṣojú ẹni. A ó tún rì í, a ó tún fà á yọ, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀márùn-ún, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, títí yóò fi dúdú bí ẹtù. Iye ìgbà tí a bá rì í ló ń sọ bí yóò ti dúdú tó, àti bí yóò ti pẹ́ tó kó tó ṣá.

Ẹ ti rí ìdí tí aládìrẹ fi gbé iṣẹ́ rírẹ fún ẹlòmíràn. Bí ó bá fẹ́ máa rẹ ẹ́ fúnra rẹ̀, ó ní láti ní ìkòkò púpọ̀, kó ra èlú, kó wá igi, kó sun eérú, kó sì jókòó tì í. Ta ni yóò wá lọ sí ọjà? Ta ni yóò dúró de oníbàárà tó wọ ọkọ̀ ojú irin wá? Ó san án kó gbé aṣọ tó ti dì fún aláró, kó san owó iṣẹ́ lórí aṣọ kọ̀ọ̀kan, kó padà wá gbé e lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá. Aláró náà kò pàdánù. Kò ní láti ní owó tí yóò fi ra aṣọ. Ìkòkò rẹ̀ àti ìmọ̀ rẹ̀ ni owó òwò rẹ̀. A sì gbọ́dọ̀ sọ pé kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ààlà náà mọ́ kedere. Àwọn obìnrin kan wà tí wọ́n ń rẹ aṣọ oníbàárà, tí wọ́n sì tún ní àdìrẹ tiwọn tí wọ́n ń tà.

Pípín iṣẹ́ báyìí mú kí àdìrẹ gbòòrò. Ní nǹkan bí ọdún 1920 sí ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, òkìkí àdìrẹ Abẹ́òkúta ti kàn káàkiri. Àwọn oníṣòwò ń wá rà á láti Gold Coast, tí a ń pè ní Gánà báyìí, àwọn mìíràn ń wá láti Sẹ̀nẹ̀gàl. Kò sí obìnrin kan ṣoṣo tó lè fi agbo ilé tirẹ̀ nìkan ṣe aṣọ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń sọ pé àwọn ìyá ìyá wa kò mọ bí a ti ń ṣètò òwò ńlá, kó lọ ka ìtàn àdìrẹ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò kan. Ẹ mú gègé àti ìwé. Iye tí a fẹ́ lò yìí kì í ṣe iye ayé ìgbà náà, àpẹẹrẹ ni.

Kí á sọ pé aṣọ funfun fún ìró kan jẹ́ 2000 fránkì. Owó dídì jẹ́ 500. Owó rírẹ tí aláró gbà jẹ́ 700. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 3200. Aládìrẹ tà á ní 4000. Èrè rẹ̀ lórí ìró kan jẹ́ 800.

Ó wá gbé ìró márùn-ún fún aláró. Owó tó ná lórí márààrún jẹ́ 16000. Mẹ́rin jáde dáadáa, ọ̀kan bàjẹ́. Ó ta mẹ́rin ní 4000 kọ̀ọ̀kan. Mélòó ni? 16000.

Ẹ dúró ná, ẹ tún un kà. Ìró kan ṣoṣo ló bàjẹ́ nínú márùn-ún, èrè gbogbo sì ti lọ. Aládìrẹ ti ṣiṣẹ́ lásán. Aláró ńkọ́? Ó gba 700 rẹ̀ lórí márààrún, ìyẹn 3500, àyàfi bí wọ́n bá ti jọ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé bí aṣọ bá bàjẹ́, kò ní gba owó rẹ̀. Bí wọn kò bá sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, ìjà ni yóò sọ ọ́.

Ìjà náà kò tètè dé, nítorí aró èlú àtijọ́ kì í sábà tan ẹni. Bí kò bá pọ́n, ojú rí i. Bí wọn kò bá rì í tó, ojú rí i. Ohun tó yí ọ̀rọ̀ padà ti òkèèrè wá.

Ní ọdún 1897, ilé iṣẹ́ kan ní Jámánì tó ń jẹ́ BASF bẹ̀rẹ̀ sí í ta aró tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe, tí kò ní ewé nínú rárá. Aró yìí àti ewé èlú ń fún aṣọ ní àwọ̀ kan náà. Nígbà tó yá, ó dé Abẹ́òkúta, sódà líle sì bá a dé, irú èyí tí àwọn tó ń se ọṣẹ mọ̀ dáadáa. Sódà gba ipò eérú. Kò sí igi sísun mọ́, kò sí ìkòkò tí ìdí rẹ̀ lu, kò sí pé à ń dúró ọjọ́ méje. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan wá di iṣẹ́ ọjọ́ kan tàbí méjì.

Sódà kì í ṣe ohun burúkú fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ìwọ̀n rẹ̀ á rẹ aṣọ tó dára. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á ba aṣọ jẹ́, á sì jó ara rẹ̀ lọ́wọ́. Bí ó bá pọ̀ jù, aṣọ á rọ, á máa ya. Bí aró kò bá wọ aṣọ dénú, á máa ṣí sí ara ẹni tó wọ̀ ọ́. Èyí tó burú jù ni pé ojú kò lè rí i lọ́jọ́ tí aláró bá fi aṣọ lé ọ lọ́wọ́. Aṣọ náà dúdú, ó ń dán. Aládìrẹ sanwó, ó gbé e lọ, ó tà á. Ó di ìgbà tí ẹni tó rà á bá fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì kí àṣírí tó tú. Ẹni náà lè ti wà ní Dàkár nígbà yẹn. Kò mọ aláró, kò tilẹ̀ mọ̀ pé aláró kan wà. Ohun tó mọ̀ ni pé àdìrẹ Abẹ́òkúta ti bàjẹ́.

Kí ló dé tí àwọn aláró fi gba sódà? Àwọn kan sọ pé ojúkòkòrò ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ wo bí owó ṣe ń lọ nígbà náà. Aládìrẹ kì í sábà fi owó ọwọ́ ra aṣọ funfun. Àwìn ló ń rà á lọ́wọ́ àwọn ilé ìtajà ńlá ti àwọn Òyìnbó, tí yóò sì san án nígbà tó bá tà. Nígbà tí owó epo pupa, èkùrọ́ àti kòkó já wálẹ̀ ní ìparí ọdún 1920, àwọn àgbẹ̀ kò ní owó láti ra aṣọ. Àdìrẹ jókòó sọ́jà. Gbèsè kò jókòó ní tirẹ̀. Ọjà tún sunwọ̀n díẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọdún 1929 lọ, òwò gbogbo ayé dẹnu kọlẹ̀, ìyà náà sì tún padà dé. Wọ́n ń pe àwọn obìnrin lẹ́jọ́ nítorí gbèsè aṣọ.

Obìnrin tó jẹ gbèsè, ibo ni yóò ti dín owó kù? Kò lè dín owó aṣọ funfun kù, Òyìnbó ló dá iye rẹ̀. Owó iṣẹ́ aláró nìkan ni ọwọ́ rẹ̀ tó. Ó ní kí aláró gba díẹ̀, kó sì tètè ṣe é. Aláró tí wọ́n dín owó rẹ̀ kù, tí wọ́n sì ní kó yára, kí ni yóò fi dáhùn? Sódà ni. Ó tún lè rì í lẹ́ẹ̀mẹ́ta dípò ẹ̀ẹ̀mẹ́fà. Aládìrẹ fẹ́ aró àtijọ́, owó tuntun ló fẹ́ san. Ibẹ̀ ni mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ti wọ́.

Àwọn Òyìnbó tó ń hun aṣọ funfun yẹn fúnra wọn ti rí irú wàhálà yìí rí. Kí ilé iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn oníṣòwò aṣọ máa ń gbé irun àgùntàn àti òwú kiri abúlé, wọ́n ń pín in fún àwọn obìnrin láti ran, wọ́n sì ń pín in fún àwọn ahunṣọ láti hun nínú ilé wọn. Ìjà kò tán láàrin wọn. Oníṣòwò ní wọ́n ń jí òun ní irun àgùntàn, ó ní òwú tí wọ́n ran kò gùn tó bó ṣe yẹ. Àwọn òṣìṣẹ́ ní owó tó ń san kéré. Ní ọdún 1777, wọ́n ṣe òfin nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti máa fìyà jẹ ẹni tó bá jí irun àgùntàn tàbí tó ran òwú èké, wọ́n sì yan àwọn tí yóò máa yẹ iṣẹ́ wò láti abúlé dé abúlé. Ṣùgbọ́n ṣáájú òfin yẹn, ní ọdún 1771, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Richard Arkwright ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé ńlá kan sí Cromford, ó kó ẹ̀rọ tí omi ń yí sínú rẹ̀, ó sì kó àwọn òṣìṣẹ́ sábẹ́ òrùlé kan kí ojú lè tó wọn. Àwọn ọmọdé wà lára àwọn tó kó síbẹ̀, láti òwúrọ̀ di alẹ́ ni wọ́n sì ń ṣiṣẹ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí á máa rò pé ọ̀nà Òyìnbó ni ọ̀nà tó sàn nígbà gbogbo.

Àwọn obìnrin Abẹ́òkúta kò ní owó tí wọ́n fi lè kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀. Ààfin ni ẹjọ́ wọn gbà lọ.

Aláké tó wà lórí oyè nígbà náà ni Ládàpọ̀ Adémọ́lá, ẹni tó jọba láti ọdún 1920. Òun àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ ṣe òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi sódà àti aró kẹ́míkà rẹ aṣọ mọ́ ní Abẹ́òkúta, kí gbogbo aláró padà sí èlú àti eérú. Èrò wọn ni pé bí aró bá padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, oníbàárà yóò padà. Àwọn aláró kò gbà. Ọ̀rọ̀ náà di ariwo láàrin ìlú. Ní ọdún 1936, ìgbìmọ̀ ìwádìí jókòó lórí rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa dá a rò. Òfin ààfin lè sọ pé kí a má lo sódà. Ta ni yóò máa lọ wo inú ìkòkò kọ̀ọ̀kan? Sódà díẹ̀ nínú omi eérú, ojú kò lè rí i. Ẹni tó bá sì pa òfin mọ́ yóò lo ọjọ́ méje lórí aṣọ tí aládùúgbò rẹ̀ fi ọjọ́ méjì ṣe, iye kan náà ni wọn yóò san fún àwọn méjèèjì. Òfin náà kò fi kọ́bọ̀ kan kún owó iṣẹ́ aláró. Bẹ́ẹ̀ ni kò dín gbèsè aládìrẹ kù.

Ohun tí èmi rí nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyí. Aládìrẹ kò ṣìṣe nígbà tó gbé iṣẹ́ fún aláró. Láìsí aláró, kò lè rí aṣọ tó tó tà fún ará Gánà àti ará Sẹ̀nẹ̀gàl. Ewu wà níbi tó ti ń sanwó lórí iye aṣọ nìkan, tí kò sanwó lórí iye ìgbà tí wọ́n rì í, tí kò sì ní ọ̀nà láti mọ ohun tó wà nínú ìkòkò. Aládìrẹ tí òun fúnra rẹ̀ ti po aró rí á fi imú mọ̀ ọ́n, á fi ọwọ́ mọ̀ ọ́n. Ọmọ rẹ̀ tó gba òwò náà lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò po aró rí, ojú nìkan ló ní. Ojú ni aró tuntun sì ń tàn jẹ.

Ìyá kan tó bá fẹ́ gbé aṣọ fún aláró lónìí, tàbí tó fẹ́ gbé epo fún ẹni tí yóò bá a sè é, tàbí tó fẹ́ gbé igi fún káfíńtà, lè ṣe ohun tí àwọn ìyá wọ̀nyẹn kò lè ṣe, nítorí pé púpọ̀ nínú wọn kò kàwé. Kó ra ìwé kékeré kan. Kó kọ ọjọ́ tó gbé iṣẹ́ lọ, iye tó gbé, ọjọ́ tí yóò padà wá gbé e, owó tí wọ́n dá, àti ẹni tí yóò san án bí ó bá bàjẹ́. Kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i. Kó kọ́kọ́ gbé ẹyọ kan ṣoṣo lọ. Bí ó bá jẹ́ aṣọ ni, kó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kó sá a sínú oòrùn, kó fi aṣọ funfun tútù nù ún, kó wo ohun tó máa kù lára aṣọ funfun náà. Lẹ́yìn èyí ni kó tó gbé ogún lọ. Èyí kò ní kí ó máa fura sí aláró. Aláró tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á fẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ìwé náà á gbèjà òun náà lọ́jọ́ tí aládìrẹ bá fún un ní aṣọ tó ti rọ tẹ́lẹ̀, tó sì ní òun ló bà á jẹ́.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí àdìrẹ? Òwò náà kò padà sí bó ti rí ní ọdún 1920. Ogun ńlá dé ní ọdún 1939, aṣọ funfun wọ́n gógó. Lẹ́yìn ogun, aṣọ tí ilé iṣẹ́ ti tẹ ọnà sí lára pọ̀ lọ́jà, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ sì gbà pé aṣọ àwọn arúgbó ni àdìrẹ. Àmọ́ nígbà tó di ìparí ọdún 1960 sí 1970, ó tún jí pẹ̀lú àwọ̀ oríṣiríṣi, pupa, ewé, òféfèé, tí wọ́n ń fi àbẹ́là yíyọ́ ya ọnà sí lára. Kàm̀pálà ni wọ́n ń pe ìyẹn, ẹ̀yin náà sì mọ̀ ọ́n ní Kútọnu àti Àjàṣẹ́.

Ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta ṣì wà, àdìrẹ ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Èlú àti eérú ti di ohun tí èèyàn díẹ̀ ń ṣe. Ní Òṣogbo, Níkẹ̀ Okúndáyé, tí wọ́n bí ní ọdún 1951, wà lára àwọn tó ń fi í kọ́ ọmọ. Ní ibi tó kù, aró inú ike ni, àti sódà. Ohun tí òfin ààfin kọ̀ nígbà náà wà lójú ìsọ̀ lónìí, wọ́n ń wọ̀n ọ́n tà. Aládìrẹ ṣì ń gbé aṣọ tó ti dì lọ fún aláró ní òwúrọ̀. Àwọn méjèèjì á jọ kà á, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ owó.